Taya Tí Ojúlówó Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pààrọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó gun alùpùpù jáde lónìí.

1.
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ṣì ń yọ̀. Káfíńtà kan, tí wọ́n ń pè ní Ojúlówó nítorí pé ayédèrú ohunkóhun kì í bá a lára mu, rí alùpùpù kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta àlòkù irin. Koríko ti hù bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì àti sáńpépà ha ìpẹtà ọrùn rẹ̀ títí nọ́ńbà fi yọ. Ó wo ti ẹ́ńjìnnì: nọ́ńbà kan náà ni, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe é mọ́ ló ṣì wà níbẹ̀!

"Bàbá, a ti fẹ́ gé e o," òǹtajà wí. "Kí lẹ ń wá lára òkú?"

"Ìwọ ò mọ ohun tó o ní."

Wọ́n ti ṣe alùpùpù yìí kí wọ́n tó bí Ojúlówó, kò sì sí ẹni tó pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀. Kódà orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà lára taya.

2.
Ó rà á lọ sílé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló sì fi tún un ṣe. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ táǹkì, ó kùn ún bí wọ́n ṣe kùn ún láyé àtijọ́. Nígbà tó tì í lọ fi atẹ́gùn sí i, fọkanáísà na ìka sí taya.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi tuntun sí i."

"Kó wá di àdàmọ̀dì? Òun ni wọ́n bí i mọ́!"

"Eyín tẹ́ ẹ kọ́kọ́ hù ńkọ́? Ṣé òun náà ló ṣì wà lẹ́nu yín?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Ojúlówó. Ó délé, ó mú pólíìsì bàtà dúdú, ó fi dí gbogbo ibi tó sán, títí taya fi ń dán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ṣé pólíìsì ń wo ọgbẹ́ sàn ni?

3.
Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń wo taya ẹ̀yìn.

"Bàbá Ìbejì, ṣé eléyìí á gbé àwa méjèèjì?"

"Ó ti gbé bàbá ẹnìkan kí wọ́n tó bí ẹ."

"Bàbá ẹni náà dà báyìí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó gùn ún.

Níbi tí títì ti dà gẹ̀rẹ̀, taya ẹ̀yìn dún gbàù! Alùpùpù fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Ojúlówó fi ìgbúnwọ́ ha ilẹ̀. Orí ìyàwó rẹ̀ sọ òkúta ẹ̀gbẹ́ títì.

"Ìyá Ìbejì! Dá mi lóhùn, jọ̀ọ́!"

Àwọn tó ń kọjá bá a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

4.
Nọ́ọ̀sì jáde ní ilé ìwòsàn.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ṣé ó ti lajú?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn ò mí mọ́."

Ọkùnrin kan tó bá wọn gbé e wá sún mọ́ ọn, ó fẹ́ tù ú nínú. Ó ní, "Alùpùpù yín ò bàjẹ́ púpọ̀ o. Táǹkì ò tiẹ̀ họ."

Ojúlówó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

Ìwọ tó ń tún nǹkan àtijọ́ ṣe, gbọ́ o. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹwà, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tí ẹ̀mí èèyàn bá rọ̀ mọ́, bíi taya àti bíréèkì, pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ bá sì bá ọ sọ̀rọ̀, má ṣe torí pé ó fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ kọ etí ikún sí i. Àbámọ̀ kì í ṣíwájú ọ̀ràn, òun ní í gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ojúlówó dìde, ó fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ó sì lọ mú àwọn ìbejì níléèwé.