Alhaji Sàláúdéènì Fi Ọjà Bàtà Ra Ìpín Ọ̀pá Gáàsì

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ti rẹ̀, tó ń wá owó tí yóò máa wọlé fúnra rẹ̀.

1.
Alhaji Sàláúdéènì àti àbúrò rẹ̀, Nùrẹ́nì, jọ ń ta bàtà ní Òṣòdì. Bí ọdún bá parí, wọn á kọ́kọ́ yọ ojú owó sọ́tọ̀, ìyẹn owó tí wọ́n fi ra ọjà. Èyí tó bá lé ni wọ́n ń pè ní èrè.

Ẹsẹ̀ wá ń dun Alhaji. Ó fẹ́ sinmi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gba èlé ní báńkì. Ó gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ọ̀pá gbé gáàsì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá ra ìpín di alájọṣe, wọ́n á máa sanwó fún un ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó bi ááfà. Ááfà ní òwò àjọṣe kì í ṣe èlé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

2.
Ó ra díẹ̀. Owó wọlé, ó tún wọlé.

"Nùrẹ́nì, mo sùn, owó dé. Ìwọ ń pe oníbàárà nínú oòrùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èrè ni gbogbo ẹ̀? Ojú owó ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jí ọ̀pá tó wà nínú ilẹ̀?"

"Ẹ ṣáà bi wọ́n."

"Ìlara ò dáa, àbúrò mi."

3.
Alhaji yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ọjà, ó fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín sí i. Nùrẹ́nì nìkan ò lè san owó ìsọ̀. Ó kó bàtà tó kù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Fún ìgbà díẹ̀, ara tu Alhaji. Owó yẹn ló ń san owó ilé wọn ní Ailegun, òun ló ń san owó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Roqeebah, ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ra gáàsì jù lọ́wọ́ wọn kógbá wọlé. Owó já sí ìdajì. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Alhaji ní kí wọ́n bá òun ta ìpín náà. Iye tí wọ́n dá lé e ò lè ra bàtà tó kún orí tábìlì.

Ó lọ sí ọ́fíìsì wọn. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀, Kọ́láolúwa, fún un ní àga.

"Baba, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí à ń san fún yín, owó yín la ń dá padà."

"Owó mi?"

"A sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ ní ká yára, pé àkókò ìrun ti tó."

Alhaji rọra dìde lórí àga.

"A jẹ́ pé mo ti jẹ ẹ́ tán."

4.
Ó ń ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀ báyìí, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Roqeebah ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, torí kò sówó tí wọ́n máa san mọ́.

"Ní sùúrù, ọmọ mi."

"Dìgbà wo, Dádì?"

Alhaji mú kọ́kọ́rọ́ géètì, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ń kà á, kò sẹ́ni tó jí owó Alhaji. Ó béèrè bóyá owó náà mọ́, kò béèrè ibi tó ti ń wá. Owó tó ń wọlé déédéé lè jẹ́ owó tiyín tó ń padà bọ̀. Kí ẹ tó jẹ èrè, ẹ wo ojú owó. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ pa iṣẹ́ tó ń bọ́ yín tì.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.