Mọ́nsúrù Mai Karas

Ọkùnrin kan wà ní Jọ́ọ̀sì tí kò lè gbà láé pé ohun kan wà láyé tí òun kò mọ̀. Mọ́nsúrù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni, aṣọ ni ó ń tà. Bí mẹkáníìkì bá ń tú ẹ́ńjìnnì, Mọ́nsúrù á dá sí i. Bí àfáà bá ń ṣe wáàsí, á máa mi orí bí ẹni pé òun ló kọ́ àfáà náà níwèé. Àwọn ènìyàn a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, ìwà burúkú yìí bọ́ sórí ẹni tí kò lè sá fún un.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Àtinúkẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó bí Hàúwà fún un, rí kókó kan ní ọyàn òsì. Sherifat, ẹ̀gbọ́n Àtinúkẹ́ tó ń gbé ní Naraguta, bá wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, dókítà ní jẹjẹrẹ ni.

"Kò tíì tàn ká," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kí a gé e ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dókítà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹran àti iyọ̀ ni jẹjẹrẹ ń jẹ ni? Bí a bá febi pa á, á kú fúnra rẹ̀."

Inú ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó rà ní ibùdókọ̀ ni ó ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Kò tilẹ̀ ka ìwé náà tán.

Láti ọjọ́ náà, Àtinúkẹ́ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan iyọ̀, epo, ẹran tàbí ẹyin. Láràárọ̀ ni Mọ́nsúrù ń lọ ra kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ní ọjà Farin Gada, á rin wọ́n, á fún omi wọn, ife mẹ́fà lójúmọ́. Bí Àtinúkẹ́ bá bì, á ní àrùn ló ń jáde. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi kárọ́ọ̀tì gan-an. Inú Mọ́nsúrù dùn dé òpin. Ó ń pe àlejò wọ pálọ̀, á na ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bí ìgbà tí ó bá ń na aṣọ han oníbàárà.

"Ẹ wò ó! Oró àrùn náà ló ń jáde yìí!"

Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Mai Karas, ìyẹn oní-kárọ́ọ̀tì. Yàkúbù, awakọ̀ kan láti Kuru, tilẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ kúrò ní ọsibítù nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mọ́nsúrù kì í gba kọ́bọ̀. Ìyìn ni ó ń fẹ́, ìyìn náà sì ń yó o.

Nínú yàrá, ọyàn Àtinúkẹ́ ti là. Òórùn rẹ̀ ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, Mọ́nsúrù sì ń sun tùràrí kí àlejò má baà gbọ́ ọ. Sherifat, tí kò fẹ́ da ilé àbúrò rẹ̀ rú, ń wá fọ egbò náà láìbá Mọ́nsúrù jà. Lọ́jọ́ kan tí ó ń fọ̀ ọ́, ó rí i tí ohun funfun kan ń rìn nínú rẹ̀. Ìdin ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àtinúkẹ́ wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ bá mi mú iyọ̀ díẹ̀ wá. Kí n kàn fi kan ahọ́n ni."

Sherifat jáde sẹ́yìnkùlé lọ wá iyọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti bá Mọ́nsúrù tó jókòó ti bálángù, ẹran yíyan, nínú bébà, tí ọ̀rá ẹran ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Hàúwà, iyọ̀ ni ìyàwó yín ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Haba, Ẹ̀gbọ́n! Èmi kọ́ ni ara mi ò yá," ni ó wí. Kò dẹ́kun jíjẹ. Sherifat padà wọlé láìmú iyọ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Mọ́nsúrù ní apá ọ̀tún. Ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé. Àtinúkẹ́ fọwọ́ ti ògiri rìn wá, ó gbé ife omi kárọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́. Mọ́nsúrù gbá ife náà dànù.

"Ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù! Kí wọ́n tètè là mí!"

Àtinúkẹ́ wò ó. "Ṣé inú tiyín nìkan ni kárọ́ọ̀tì ò lè wò ni?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Mọ́nsúrù kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó sì yè. Ní ọjọ́ kejì, Sherifat gbé àbúrò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ti àkọ́kọ́. Dókítà ṣí aṣọ, ó sì bò ó padà. Ó ní àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Sherifat gbé Àtinúkẹ́ lọ sí Naraguta, ó se adìẹ oníyọ̀ fún un. Ṣíbí mẹ́ta péré ni ó lè jẹ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó kú.

Mọ́nsúrù fi ojú abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná tẹ́ ẹní sí iwájú ilé, kí àwọn ènìyàn wá kí i. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ilé Sherifat ni gbogbo wọn ń lọ. Hàúwà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti kó ẹrù lọ síbẹ̀, kò sì dá a lóhùn nígbà tó ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ kẹta, Yàkúbù yọ. Mọ́nsúrù sáré dìde, ó na ọwọ́ sí i. Yàkúbù kò gbà á.

"A sin ìyá mi lánàá," ni ó wí. "Mo ní kí n wá wo ojú ẹni tó ní kí n gbé e kúrò ní ọsibítù."

Ó wò ó dáadáa, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹní náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mọ́nsúrù ká ẹní náà, ó wọlé. Títí tó fi kó kúrò ní àdúgbò náà, ilé tí aláìsàn bá wà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá rí i lókèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, kárọ́ọ̀tì kò ṣẹ̀, oúnjẹ tó dára sì ń ṣe aláìsàn lóore. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lè dípò ìtọ́jú dókítà nígbà tí àkókò ṣì wà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ara ẹlòmíràn dán ohun tí kò ní fi ara tirẹ̀ dán wò. Ẹ̀yin ẹbí náà, ẹ má ṣe bíi ti Sherifat, tó ń fọ egbò fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí pé kò fẹ́ da ilé àbúrò rẹ̀ rú. Ẹni tó mọ òtítọ́ tí ó sì dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.