Búrẹ́dì Félicien

Reine, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Gwladys, mọ ẹnu gbogbo wọn. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń yan búrẹ́dì lórí ààrò èédú lẹ́nu géètì ilé ìkẹ́rùsí àgbàdo kan ní Kétu. Kò sí alágbàárù tó máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ tí Reine yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi léèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Félicien nìkan ló ń da ọkàn rẹ̀ rú.

Ọ̀sẹ̀ kan, Félicien á ní kó fi sadínì sí i, kó yan án títí tí yóò fi máa ró lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kejì, á ní ẹyin lòun fẹ́, kó kàn fi iná kàn án lára, eyín òun ò gba nǹkan líle. Séidou, olórí àwọn alágbàárù, gbà pé búrẹ́dì tí a ò yan, oúnjẹ aláìsàn ni. Ọ̀sẹ̀ kan Félicien á gbè é lẹ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì á ta kò ó.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o lóyún ni?" Séidou á bi í. Gbogbo bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lórí ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀sì ìjọba, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó àwọn òṣìṣẹ́. Félicien ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pẹ̀lú sadínì lẹ́nu, pé kí ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí fi orúkọ àwọn sílẹ̀ níbẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá pa ẹnìkan, ìyàwó àtọmọ rẹ̀ á máa rówó gbà lóṣooṣù.

"Ọmọ mẹ́rin ni Madeleine bí fún mi," ló wí. "Tí àpò bá wó lù mí, ta ni yóò bọ́ wọn?"

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń jẹ ẹyin rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n rọra ṣe, pé ìwé ìjọba máa ń mú wàhálà wá. Díẹ̀ ló kù kí Séidou gbá a létí.

Ọ̀gá gbà níkẹyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí akọ̀wé kẹ́ẹ̀sì wá gba ìtẹ̀ka wọn, ẹyin ni Félicien jẹ. Òun ló tẹ̀ka gbẹ̀yìn, ó sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Reine rò pé inú rẹ̀ ló dùn.

"Ó yá, a ó wá kí Madeleine nílé," Séidou wí.

"Okpomèta jìnnà," Félicien dáhùn. "Ọ̀nà ò dáa. Ẹ má yọra yín lẹ́nu." Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ sadínì, àpò àgbàdo wó lu Félicien. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú nílé ìwòsàn, àwọn àna rẹ̀ ló sì wá gbé òkú. Reine sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú, pé Madeleine ò ní tọrọ jẹ. Félicien kúkú ti tẹ̀ka.

Lọ́jọ́ kẹta, Reine, ọ̀gá àti àwọn alágbàárù lọ sí Okpomèta. Ọ̀gá mú ìwé kẹ́ẹ̀sì tí Madeleine máa fọwọ́ sí dání. Reine yan búrẹ́dì fún àwọn ọlọ́fọ̀, ó sì yan ọ̀kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú sadínì, kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n bá a gbé e síbi tí wọ́n sin ín sí. Madeleine wà lórí ẹní, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí i ká. Ó ti mú bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan jáde láti inú yàrá wá gbàlejò, ojú Félicien, ohùn Félicien, ó wo búrẹ́dì tí Reine gbé dání, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní, "Ìyá Gwladys, èjìrẹ́ mi ló ń jẹ sadínì, ẹyin ni tèmi, èmi ni mo sì tẹ̀ka lọ́jọ́ yẹn."