Àkèré Inú Yàrá Màmá

Àpótí gíláàsì méjì ló wà nínú yàrá ìyá, àkèré sì wà nínú méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gé gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ ilé wọn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wọ́n. Ó da iyẹ̀pẹ̀ tútù sí ìsàlẹ̀ wọn, ó gbin ewé sí i, ó fi nẹ́ẹ̀tì bo orí wọn, ó sì tan iná kékeré tí kò ní jẹ́ kí òtútù mú ohun tó wà níbẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á wọ́n omi tó ti gbé kalẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan sórí àwọn ewé, á ju ìrẹ̀ láàyè sínú àpótí, á wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́.

Ìyá kórìíra àkèré. Láyé ìgbà tó lókun, bí ọ̀kan bá fò wọ balùwẹ̀, kò ní wẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Gbé e jáde," ni ìyá wí.

Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sún àwọn àpótí náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ní o gbé e jáde. Ṣé etí ẹ di ni?"

Ó tún kọ ọ́. Ó kan àpótí kẹta, ó ra kọ̀nkọ̀ kan tó tó ìkúùkù, tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga nílẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

"Ọmọ burúkú," ni ìyá wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo tọ́ ẹ, mo wẹ̀ ẹ́, o wá ń fi ohun ẹlẹ́gbin yìí san oore fún mi."

"Mo gbọ́, Màmá." Ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń dáhùn.

Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá kejì pàdé ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn. "Bó bá jẹ́ èmi ni mo bí ẹ," ló wí, "ǹ bá ti dá ẹ padà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé àìsàn mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá wọn. Gbogbo ìgbà tó bá sì pè lórí fóònù, èsì kan náà ni àbúrò ń fún un: Màmá ń sinmi.

Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti ń gbọ́ èébú ìyá rẹ̀. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Má kí mi káàbọ̀. Kí ni àkèré ń wá lẹ́bàá orí Màmá? Àbí o ò mọ̀ pé wọn ò fẹ́ rí i sójú?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ṣe é?"

Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èébú ìyá wọn ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bú u, iye ọ̀rọ̀ sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta, mọ́kànlá, mọ́kàndínlógún.

"O tún ń kà á. Ṣé o fẹ́ bá ìyá ẹ rojọ́ ni?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ṣé ilé yìí lò ń lé, tó o fẹ́ fi ìbínú pa wọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n gbé àwọn àpótí náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìbínú gbé ti kọ̀nkọ̀ kalẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì sán. Àbúrò fẹ̀yìn ti ògiri, kò dá a dúró.

Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ó ti tán, Màmá. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Ìyá wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Ó fi ọwọ́ òsì fún ọwọ́ ọmọ rẹ̀ pinpin.

"Màmá?"

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Oṣù mẹ́jọ ni wọn ò fi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn àìsàn yẹn, bọ̀ọ̀dá mi, tí dókítà sì ti ní ká má retí ẹ̀ mọ́," ni àbúrò wí, "títí dọjọ́ tí oníbàárà kan gbé àkèré ẹ̀ wá pẹ̀lú àpótí tó fọ́ kí n bá a tún un ṣe, tí mo gbé e gòkè wá, tí mo gba iwájú wọn kọjá, tí ìbínú sì ṣí wọn lẹ́nu."