Yẹtí Tó Ń Dáhùn

Kí ìkélé tó ṣí nílé ẹ̀kọ́ tíátà, Ìbídùn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ alákòóso ìtàgé, a máa pe òṣèré kọ̀ọ̀kan lórúkọ, wọ́n á sì dáhùn látinú yẹtí agbóhùn tí òfin ní kí tọkùnrin tobìnrin máa wọ̀. Ìdánwò rẹ̀ lónìí nìyí. Bí eré bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó fìdí rẹmi nìyẹn.

"Bàbá Láníhùn?"

"Mo wà, ọmọ mi."

Ara fu ú. Bàbá tí kì í dáhùn láìwúkọ́! Ìgbà wo ló sì di ọmọ wọn? Ṣebí "ìyàwó mi" ni wọ́n máa ń fi ẹ̀fẹ̀ pè é.

"Kí lò ń wò? Ṣí ìkélé, jàre!" olùkọ́ rẹ̀ jágbe. "Yẹtí kì í purọ́."

Ìbídùn sáré wọ yàrá ìmúra. Bàbá ló nà gbalaja sílẹ̀ yìí, wọ́n ń mí fíìn-fíìn. Ẹnu wọn pa dé, síbẹ̀ ohùn wọn ń dún látinú yẹtí: "Mo wà, ọmọ mi."

"Ìbídùn, ṣé kò sí wàhálà o?" olùkọ́ bi í látinú yẹtí.

Kó tó lanu, ohùn òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn látinú yẹtí: "Kò sí, mà. Ẹ ṣí ìkélé."