Ẹlẹ́rìí Dókítà Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ

Ilé-ìwé kankan kò gba olùkọ́ tí orí rẹ̀ kò bá kan àmì gíga ẹnu ọ̀nà mọ́. Nítorí náà ni Fadérera ṣe wá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lọ́dọ̀ Dókítà Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ. Òfin sọ pé kí dókítà kọ́kọ́ mú ẹnì kan tí ó ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn rí wá, kí ẹbí yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Ìyá Olúgbọ́n, ló bá a wá.

Ẹlẹ́rìí dókítà, Jọláadé, tẹ orí wọlé. Fadérera pàtẹ́wọ́. Ìyá Olúgbọ́n kò wo gíga rẹ̀ rárá.

“Ọmọ, kí mi.”

Jọláadé dọ̀bálẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wà nínú yàrá, ìdajì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dá a kọjá. Kò lè dìde mọ́.

“Ọ̀lẹ ni,” ni dókítà wí.

“Ṣé bí ọmọ wa yóò ṣe máa kí àna rẹ̀ nìyí, tí wọn yóò máa wá gbé e nílẹ̀? Dókítà, ẹ̀yin náà ga. Ẹ kí mi.”

Dókítà bọ́ kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì dìde wéré. Inú rẹ̀ dùn. “Ẹ ò rí i, Màmá?”

“Mo rí i. Ẹsẹ̀ yìí dára. Ta ló bá yín fà á?”

“Dókítà obìnrin kan ni, ní Ìpetumodù.”

Ìyá Olúgbọ́n fa Fadérera dìde. “Ẹ júwe ilé rẹ̀ fún wa.”

Jọláadé gbé orí sókè nílẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dání.”