Ìwé Ìṣirò Àwọn Ọmọ Adéyẹmí

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pín ogún, àwọn ọmọ olóògbé Adéyẹmí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí kọ̀ǹpútà ká ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì bàbá wọn ní àdúgbò Banikanni. Nótéà, ẹni tí ìwé ogún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti sọ fún wọn pé ohun tó bá wà lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìṣirò tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí ni yóò di tirẹ̀. Ọkàn Àpínkẹ́, àbíkẹ́yìn wọn, kò balẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń bi í léèrè ohun tí obìnrin fẹ́ fi símẹ́ǹtì ṣe.

Awwal, ọmọ àdúgbò Zongo tí Àpínkẹ́ bá wọn wá, ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń to ìwé. Owó tó wọlé wà lókè, gbogbo ilé ló ni ín. Ìnáwó tẹ̀ lé e, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ń bójú tó o. Èyí tó ṣẹ́kù wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kọ̀ǹpútà ti to orúkọ wọn bí á-bí-dí: Àpínkẹ́, Babátúndé, Ọlábọ̀dé.

Àpínkẹ́ wò ó, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kò yẹ kí orúkọ mi wà lókè tiyín."

Ọlábọ̀dé, àkọ́bí, kò tíì kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó rí i, inú bí i. "Awwal, to ilé yìí bí Ọlọ́run ṣe tò ó."

"Patúrọ̀n, ọ̀gá mi, àwọn ìnáwó ńkọ́?"

"Àwọn náà ní ọjọ́ orí."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi tò ó. Owó ilé ni àgbà, torí bàbá wọn ti ń san án kó tó gba òṣìṣẹ́ kankan. Owó oṣù tẹ̀ lé e. Ọlábọ̀dé gba méjèèjì. Babátúndé gba epo ọkọ̀ àti owó iná, ó sì fajú ro, ó ní kí wọ́n fi gbèsè báńkì kún tòun. Ọlábọ̀dé kọ̀. Inú oyún ni Babátúndé wà nígbà tí bàbá wọn yá owó náà, gbèsè tó ju èèyàn lọ lọ́jọ́ orí kò sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Níkẹyìn, Ọlábọ̀dé ló gba gbèsè, wọ́n wá fi owó orí tu Babátúndé nínú.

"Ó ku ìlà ìsàlẹ̀," Awwal wí. "Èyí tó ṣẹ́kù. Kò ní ọjọ́ orí, ọdọọdún ni wọ́n ń bí i."

Ọlábọ̀dé wo Àpínkẹ́. Nílé wọn ní Ṣábẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ohun tó bá kù nínú àwo, ọmọ kékeré ló ni ín, òun náà ló sì ń fọ àwo.

"Fi sábẹ́ orúkọ rẹ̀," ló wí. "Kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n." Omi lé ròrò sójú Àpínkẹ́. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìpín, nótéà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì bi àwọn ọkùnrin méjèèjì bóyá ara wọn yá. Ọlábọ̀dé ní ara àwọn le, pé bí àwọn ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kó sì kọ́kọ́ ka tòun.

Nígbà tí Àpínkẹ́ jáde síta pẹ̀lú ìwé mílíọ̀nù mọ́kànlá owó sẹ́fà tó ṣẹ́kù, Awwal gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bi í bóyá ẹ̀kọ́ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí Àpínkẹ́ ti ń kọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ní àdúgbò Titirou láti ọdún méjì sẹ́yìn ṣì máa wáyé ní Sátidé.